Bàbá tó ń pọnmọ ní gbangba

Ní Òṣogbo níbí, àwọn ọkùnrin tó ń tọ́jú ọmọ pọ̀ ju iye tójú ń rí lọ. Inú ilé ni wọ́n wà. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fa kọ́tìnnì, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀kọ ń hó lórí gáàsì, wọ́n sì ń mira díẹ̀díẹ̀ kí oorun lè kun ọmọ. Kan ilẹ̀kùn báyìí kó o wò ó. Wàá gbọ́ gìrìgìrì nínú ilé, á pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹ lóhùn, tí wọ́n bá sì fi máa ṣílẹ̀kùn, ọmọ ti wà lórí àga, ọ̀já ti wà lábẹ́ tìmùtìmù, ọ̀gá á wá di rìmóòtù mú, á máa wo bọ́ọ̀lù tí kò mọ ẹni tó ń gbá a.

Èmi ò bá wọn wí o. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ ni, torí táwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ "àwọn bàbá òde òní" báyìí, wọ́n á máa sọ ọ́ bíi pé orí fóònù la ti kó o, àbí pé àwọn òyìnbó ló fi ràn wá, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan ládùúgbò wa. Iṣẹ́ yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin. Èyí tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé àwọn kan ti ń ṣe é lójú ọ̀sán gangan, lẹ́nu ọ̀nà, níwájú ìyá ẹni àti ọ̀rẹ́ ẹni, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn èèyàn.

Bàbá tèmi tíṣà ni, tíṣà ayé àtijọ́, ẹ máa mọ irú wọn. Tá a bá ti gbọ́ ìró Vespa wọn lórígun títì, kálukú á ti wá ibi gbà. Wọ́n ní àga kan nínú pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, kódà tí wọ́n bá lọ sí ìrìn àjò fún odidi ọ̀sẹ̀, àga yẹn á ṣófo, àwa á jókòó sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Mi ò rí i kí wọ́n tẹ ẹ̀bà rí, mi ò rí i kí wọ́n gbé àbúrò mi kankan pọ̀n, tí ọmọ bá sì ti ń sunkún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Ìyá ẹ dà?" Ẹni tó bá wo bàbá mi láti ìta á ní bàbá Yorùbá pọ́ńbélé nìyí, owó ilé ìwé àti pàṣán, ó parí.

Ṣùgbọ́n kí ara ọ̀kan nínú wa gbóná lásán. Wọn ò ní jẹ́ kí ìyá wa fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ló ń lọ já ewé dóńgóyárò, àwọn ló ń ra egbò lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà Ọba, wọ́n á gé ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á bẹ ọ̀pẹ̀yìnbó, èèpo ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ o, àwa la máa ń jẹ inú ẹ̀, wọ́n á wá to gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á sì fi àpótí jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á máa ko iná. Wọ́n á máa ṣí ìdérí wò. Bàbá tí kò lè se iṣu kó má jóná! Wọ́n á bù ú fún wa mu, kíkorò ẹ̀ kì í ṣe kékeré, wọ́n á dúró tì wá títí ife á fi gbẹ, wọ́n á fi ìyókù wẹ̀ wá, lóru wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn wa bóyá ibà náà ti lọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín: ìkòkò àgbo ò dín iyì ọkùnrin kù, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń dín in kù. Iná kan náà, ààrò kan náà.

Àwọn náà ló ń lọ yunifọ́ọ̀mù wa ní gbogbo alẹ́ Sunday, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú tí wọ́n máa ń fẹ́ eérú ẹ̀ kúrò kó má bàa já sáṣọ funfun. Wọ́n ń gé èékánná wa. Wọ́n ń kun bàtà wa. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìtọ́jú ọmọ, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n ti di obìnrin. Ẹ tún wo ọjọ́ Iléyá ní ìlú yìí, ṣebí ọkùnrin ló ń pa àgbò, ọkùnrin ló ń kun ún, ọkùnrin ló máa ń dúró ti agbada lẹ́yìnkùlé níbòmíì tí ọ̀rá gbígbóná á máa ta sí i láyà, tó bá sì di ọjọ́ kejì, tí wọ́n bá ní kí ọ̀gbẹ́ni yẹn dín ẹyin fáwọn ọmọ ẹ̀, á ní irú ìwọ̀sí wo nìyí. Nǹkan wa náà ń dá mi lágara nígbà míì.

Mo ní èrò kan nípa ibi tí bàbá inú pálọ̀ yìí ti wá, ẹ lè bá mi jiyàn. Mi ò gbà pé àtayébáyé ni. Nígbà tó jẹ́ pé oko ni gbogbo èèyàn ń lọ, ọmọ ọkùnrin ń tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n jọ ń sun iṣu lóko, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́, bàbá ló ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, bó ṣe máa mọ ewé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ló ń fín ewìrì fún bàbá ẹ̀. Ọmọ ahunṣọ ń ká òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀ nídìí òfì. Bàbá lè le o, pàṣán wà níbẹ̀, mi ò sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n bàbá wà nítòsí, ọmọ mọ òórùn àágùn ẹ̀. Ìgbà tí reluwé wọ Òṣogbo ní 1907, tí àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó tó ń ra kòkó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Station Road, ni iṣẹ́ kan dé tó jẹ́ pé ọmọ ò lè bá ẹ lọ síbẹ̀. O máa jáde láàárọ̀, o máa wọlé nírọ̀lẹ́, o máa kó owó wá níparí oṣù. Ní 1933 wọ́n gbé ilé iṣẹ́ sìgá wá síbí, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ irin dé. Ní 1991 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo di olú ìlú, akọ̀wé ìjọba wá kún gbogbo ìlú. Bọ́rọ̀ ṣe di pé owó oṣù ni bàbá nìyẹn. Bàbá tó dáa ni bàbá tó ń mówó wálé, èyí tó bá ti mówó wálé ti parí iṣẹ́ ẹ̀, kó lọ jókòó, kí wọ́n gbé omi wá.

Ó dáa. Tí owó yẹn wá di àbọ̀ ńkọ́?

Ẹni tó bá gbé Ọ̀ṣun láàárín 2015 sí 2018 ò nílò àlàyé. Àfúsá, owó oṣù àbọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń san fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀. Àwọn tó wà ní lẹ́fẹ́lì 1 sí 7 ń gba tiwọn pé, 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ọ̀gá láti 12 sókè ń gba ìdajì, gbogbo wa sì mọ̀ pé àwọn tó wà lókè yẹn ni bàbá inú pálọ̀ gan-an gan-an. Èmi ò sọ̀rọ̀ òṣèlú níbí o, àwọn tó ń sọ ọ́ ti pọ̀. Ohun tójú mi rí ládùúgbò ni mò ń sọ. Àwọn ìyàwó tó ti ń fi ọjà ṣeré tẹ́lẹ̀ wá kó gbogbo ara sí i. Ẹni tó ń ta ọ̀rá omi lẹ́nu ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà Ìgbóná, ẹni tó ń rán aṣọ fún ọ̀rẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, agogo márùn-ún ìdájí wọ́n ti jáde. Ọmọ ń bọ̀ láti iléèwé ní agogo méjì ọ̀sán. Ta ló wà nílé? Bàbá ni. Ebi ń pa ọmọ, ebi ń pa bàbá, ìyá wà lọ́jà, ẹ̀wà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá ìlú yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, kì í ṣe lórí YouTube.

Nígbà tí wọ́n dá owó padà sí kíkún ní 2018, àwọn kan padà sórí àga wọn. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n padà bíi pé wọ́n rin ìrìn àjò lọ ni. Àwọn kan ò padà. Ọ̀kan nínú wọn ni aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìdí tó sì fi wọ̀ mí lára ni pé kì í ṣe ẹni tó ń ka ìwé nípa ọmọ títọ́ tàbí tó ń wo fídíò kankan. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa lọ mú àwọn ọmọ níléèwé, ní báyìí tí owó ti wà. Ó ní, "Mo ti mọ orúkọ tíṣà wọn." Mi ò kọ́kọ́ lóye. Ó wá ní òun ti mọ̀ pé èyí èkejì kì í jẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá fi pọ̀nmọ́ sí i, ó ti mọ̀ pé àbíkẹ́yìn ń bẹ̀rù kíláàsì ìṣirò torí tíṣà yẹn ń pariwo, ó ti mọ èyí tó ń parọ́ pé òun ti jẹ oúnjẹ òun tán nígbà tó ti fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ padà di ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹni tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni wẹ́dà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lápá Old Garage. Ìyàwó ẹ̀ ń ná ọjà Ìkìrun àti Ìrágbìjí, ó máa ń tètè jáde, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ní ọmọbìnrin méjì níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ àṣà iléèwé wa, wọ́n á kọ ọ́ sí pátákó pé irun ọ̀sẹ̀ yìí ni ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni pàtẹ́wọ́, ọmọ tí kò bá dì í wá á kúnlẹ̀ lórí ìlà. Ọ̀gá yìí lọ bá onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní kó kọ́ òun. Obìnrin náà rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Ní báyìí, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sunday, á pa máṣíìnì, á fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀ títí dúdú ibẹ̀ á fi lọ, á gbé àpótí síta, lábẹ́ àtíbàbà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ki ọmọ sáàárín orúnkún. Á fi àdí àgbọn ra àtàrí ẹ̀. Ó ń fi ìdí òòyà là á, ojú ìlà yẹn gún, mo bá yín búra, mi ò tíì rí onídìrí tí ìlà ẹ̀ gún tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń dijú kan kó tó là á bó ṣe máa ń wo ìdí irin kó tó jó o pọ̀. Àpá iná pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ á ní "Dádì, ó dùn mí," á dẹ ọwọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà máa ń pariwo sí i láti ojú títì, wọ́n á ní "Ìyá Onídìrí!" Ó sọ fún mi pé òun ti ń jó irin pọ̀ láti ìgbà tóun ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irun ọmọ ló rọ̀ jù nínú gbogbo nǹkan tí òun ń so pọ̀. Àwọn tó sì ń ní ọkùnrin kì í fọwọ́ kan irun dídì, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n lọ wo elégùn Ṣàngó lọ́jọ́ ọdún ẹ̀. Akọ òrìṣà, òrìṣà tó ń yọ iná lẹ́nu, irun dídì ló wà lórí elégùn ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ lọ dúró níwájú ẹ̀ kó pè é ní ìyá onídìrí.

Nílé tèmi, wíwẹ ọmọ ni ogun náà dá lé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, nígbà tá a bí àkọ́bí wa, ìyá mi wá láti bá wa wẹ ọmọ bí gbogbo ìyá ọkọ ṣe ń ṣe. Wọ́n ní ọkùnrin kì í wẹ ọmọ tuntun, ọwọ́ ọkùnrin le. Orúnkún ló bá mi ṣẹ́gun, torí ìjókòó ilẹ̀ ọ̀hún ń dùn wọ́n débi pé ẹni méjì ló ń fà wọ́n dìde, nígbà tó yá wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n jókòó sórí àpótí kékeré, kí n na ẹsẹ̀ méjèèjì, àwọn jókòó lórí ibùsùn, wọ́n ń fi ẹnu wẹ ọmọ, èmi ń fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́. "Gbé e lé ojúgun. Rárá, dojú ẹ̀ délẹ̀. Di àgbọ̀n ẹ̀ mú, ṣé o fẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ nímú ni?" Ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tó rọ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú báfù. Ìdí etí, abẹ́ ọrùn, kòtò abíyá, wàrà tó ti dì síbẹ̀ láti àná. Lẹ́yìn náà nínà: apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn, apá òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún, òrí ní oríkèéríkèé, aṣọ gbígbóná lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá mi fẹ́ kí n sọ ọ́ sókè kí n hán an, kó má bàa lójo. Mo sọ ọ́ sókè díẹ̀, bí ìbú ọwọ́, wọ́n ní ṣé òkè náà nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ní kí n fún un ní omi mu lẹ́yìn ìwẹ̀ ni ìyàwó mi ti yọjú láti yàrá. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo, ohun tó ń kọ́ àwọn aláboyún lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìyá mi ní ta ló wá tọ́ ọkọ ẹ dàgbà, ṣé nọ́ọ̀sì ni? Èmi tí mo jókòó sáàárín wọn, ọmọ tútù nílẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nù ún ná.

Ìbí ọmọ kejì, èmi ni mò ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ọjọ́ tí wọ́n ń gún un máa ń bọ́ sí ọjọ́ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá, kó wá tún di oṣù kẹsàn-án fún èéyi àti ibà pọ́njú. Bẹ́ńṣì gígùn, obìnrin ló kún un látòkè délẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń gba káàdì wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní "Ìyá ọmọ dà?" Mo ní ó ń sùn. Ó ní ṣé ara ẹ̀ ò yá ni. Mo ní ara ẹ̀ yá, ó ń sùn ni. Àwọn obìnrin ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan gbàdúrà fún mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìsìn àárọ̀ Sunday, òmíì ní kí n wá bọ́ síwájú, wọ́n ò jẹ́ kí n tò.

Ohun tí kò dáa níbẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé ìbejì wá, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà, ó wọ kòrópè méjì kó tó débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kí i kú iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní kó bọ́ síwájú. Ọkùnrin pọnmọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò á gbọ́, wọ́n á ní ẹ wo ọkọ rere. Mo ní kó lọ síwájú mi, ó kọ̀, ó ní kí n má dààmú, ó ti mọ́ òun lára. Mo sì mọ àwọn ọkùnrin tí ìyìn yẹn ti ń pa bí ọtí. Wọn ò lè fọ abọ́ méjì láìgbé fóònù dúró lórí fèrèsé kó máa ká wọn sílẹ̀, tí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà, ìkòkò ńlá tó jóná lábẹ́ ṣì wà nínú síǹkì de ìyàwó. Èmi ò ka ìyẹn kún bàbá òde òní. Bàbá inú pálọ̀ náà ni, ó kàn gbé àga wá sí kíṣìnnì ni.

Ìjọba àpapọ̀ ti ẹ̀ ti fọwọ́ sí i báyìí pé kí òṣìṣẹ́ wọn tó jẹ́ ọkùnrin máa gba ìsinmi tí ìyàwó ẹ̀ bá bímọ, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti 2022, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, ọmọ mẹ́rin ló sì mọ. Èkó ti ń fún tiwọn ní ọjọ́ mẹ́wàá láti 2014. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé fún tiẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ wo ìwé náà lójú, ó ní, "Ṣé ìwọ lo bímọ ni?" Wọ́n fún un o, òfin ni, ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, wọ́n ti sọ ọ́ ní "Ìyá Ìkókó" ní gbogbo ọ́fíìsì, títí kan àwọn obìnrin ibẹ̀. Ó ní èyí tó dun òun ni pé àwọn obìnrin ló ń pè é jù. Àwọn tó sì ń ṣe iṣẹ́ ara wọn, wẹ́dà, télọ̀, oníkòrópè, ta ló fẹ́ fún wọn ní ìsinmi? Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n sọ lórúkọ láàárọ̀, bàbá ẹ̀ ti wà ní páàkì kí ọ̀sán tó pọ́n.

Gbẹ̀wùdání. Ìyàwó ti fún un jẹ. Ó ti mu omi ìdí. Ẹ máa gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ náà. Ẹni tí mo wá gbádùn jù nínú wọn ni láńlọ́ọ̀dù wa, Alhaji, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ràn mi, ìyẹn ò ní kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọkùnrin wọn ń gbé bọ́ìs-kọ́tà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n jáde láti wá ra búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, Alhaji ké sí i látorí báńkóní pé kó gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀, ṣé kò rí i pé àwọn èèyàn ń wo òun ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, Alhaji fúnra wọn pè mí síwájú ilé, wọ́n ní kí n wá wo nǹkan. Ọmọbìnrin wọn ti bímọ ní Kánádà, físà ìyá wọn ò tíì jáde, ọkọ ọmọ náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Fídíò ni. Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan, ó ga, ó sanra, ó fi ọ̀já ankárá gbé ọmọ pọ̀n, ó ń fọ fídà lójú síǹkì, ó ń fi oríkì pe ọmọ. Ojú Alhaji ń dán. "Ẹ wo ọmọ gidi! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo sọ fún ìyá wọn níjọ́ tó wá tọrọ ìyàwó pé eléyìí á tọ́jú ọmọ mi." Wọ́n ti fi han ìmáàmù. Wọ́n ti fi han àwọn onímọ́tò tó ń páàkì níwájú ilé.

Mo ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ kí bọ̀ọ̀dá tó wà lẹ́yìnkùlé náà rí i o."

Wọ́n ní, "Kánádà nìyẹn. Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Kò kúkú sí ọmọ ọ̀dọ̀ ní bọ́ìs-kọ́tà náà, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n fa ẹnu jọ, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ ò ní jẹ́ kí àgbàlagbà gbádùn fídíò ẹ̀ ní tiẹ̀. Wọ́n tún gbé fóònù súnmọ́ ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Dúró ná. Tí obìnrin bá pọnmọ, àyà ló ń dá ọ̀já dúró. Kí ló wá dá tiẹ̀ dúró?"

Mo ní ikùn ni, sà, kéèyàn fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀, kó so ó lé orí ikùn, kó wá ki etí ẹ̀ bọ abẹ́ dáadáa, kò ní yọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ikùn tiwọn, wọ́n sì na fóònù sí mi pé kí n bá àwọn dá a padà síbi tó ti ń so ọ̀já.